Troponin tó wà níwọ̀n kò ní kí iṣan ọkàn má wú

Àyà ń dun ẹni tí ọ̀fìnkìn líle ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀, ó sì ń mí gúlegúle bó bá gun àtẹ̀gùn. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, troponin, èròjà protein kan tí wọ́n fi ń mọ̀ bí ọkàn bá fara pa, ò lọ sókè, ni gbogbo ilé bá ní, “Ṣé ẹ rí i, kò sí nǹkan kan tó ṣe ọkàn.” Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀.

Inú sẹ́ẹ̀lì iṣan ọkàn ni troponin wà. Ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì bá fara pa ló máa ń jò sínú ẹ̀jẹ̀. Iṣan ọkàn lè wú (àìsàn tí wọ́n ń pè ní myocarditis), kó kún fún omi, kí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ má sì tíì bàjẹ́ débi tí àyẹ̀wò á fi rí i. Troponin sì lè ti jò tán kí aláìsàn tó dé ilé ìwòsàn. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1997, èèyàn 53 ni iṣan ọkàn wọn wú. 18 péré ni troponin I wọn lọ sókè, pàápàá àwọn tí àìsàn náà ò tíì ju oṣù kan lọ lára wọn. CK-MB, èròjà mìíràn tí wọ́n ń wò nínú ẹ̀jẹ̀, tiẹ̀ burú jù: èèyàn 3 ló mú. Àyẹ̀wò òde òní ń rí ìwọ̀n tó kéré ju ti ìgbà yẹn lọ, síbẹ̀ ó ṣì lè fo èèyàn.

CRP, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń lọ sókè bí ibì kan bá wú lára, ńkọ́? Ọ̀nà ọ̀fun tó wú lásán lè gbé e sókè.

Troponin tó lọ sókè náà ò dárúkọ ohun tó fà á. Ó lè jẹ́ àìsàn kídìnrín, tàbí kí òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ fún ọkàn ti dí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tún ẹ̀jẹ̀ gbà lẹ́yìn wákàtí 1 sí 3, tí wọ́n sì ń ṣe ECG, ìyẹn àyẹ̀wò iná mànàmáná ọkàn. (Ẹni tó bá ń lo biotin nítorí irun tàbí èékánná, kó sọ fún wọn: ó lè mú kí àwọn ẹ̀rọ kan ka troponin sí kékeré.)

MRI ọkàn, àwòrán tí wọ́n fi ẹ̀rọ agbára òòfà yà, ló ń là á yé jù. Ó ń fi omi inú iṣan hàn, ó sì ń fi ojú àpá hàn: ti wíwú sábà máa ń wà lápá ìta iṣan, ti òpó tó dí máa ń bẹ̀rẹ̀ láti inú. Wọ́n tún lè bu ẹran bíńtín lára ọkàn lọ yẹ̀ wò, àmọ́ wíwú náà lè wà lójú kan kó má sí lójú kejì, kí irinṣẹ́ sì bọ́ síbi tó dára.

Ẹni tí wọ́n bá rí wíwú yìí lára rẹ̀, kó fi eré ìdíje sílẹ̀ títí iṣan náà á fi jinná, kódà bí troponin bá wálẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì. Iṣan tí ò tíì jinná lè mú kí ọkàn máa lù ségesège lójijì.