Ìtakò afẹ́fẹ́: ohun tó ń mú kí ọkọ̀ àtijọ́ jẹ epo lójú márosẹ̀

Ìtakò afẹ́fẹ́ ni agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti ọkọ̀ padà bí ó ṣe ń sáré lọ. Ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ kojú ìjì mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ìtakò á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tó kúrò lórí 80 kìlómítà ní wákàtí bọ́ sí 120 ti sọ ìtakò náà di ìlọ́po 2.25, agbára tí ẹ́ńjìnnì ń ná láti fi borí rẹ̀ sì ti ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Epo ìrìnàjò náà kò ní di ìlọ́po mẹ́ta, nítorí ẹ ó tètè dé, bẹ́ẹ̀ ni ìfàsẹ́yìn ti táyà kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i. Síbẹ̀, táńkì á sọ fún yín.

Ìyà yìí máa ń pọ̀ lára ọkọ̀ àtijọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn rí bí àpótí, afẹ́fẹ́ kò sì rọrùn láti yọ̀ kọjá lára wọn. Jía mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré ni wọ́n sábà ní, torí náà lórí 110, ẹ́ńjìnnì lè máa yí ju ìgbà 3,500 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá jẹ́ káburétọ̀ (ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì) ló ń lò, ọ̀rọ̀ tún le sí i: tí ẹ bá tẹ tórótù wọlé, ìfamu inú ẹ́ńjìnnì á dínkù, fáàfù kékeré kan á ṣí, ìwọ̀n epo tó ń bá afẹ́fẹ́ wọlé á sì pọ̀ sí i. Ẹsẹ̀ tó wúwo ń náni lówó níbí ju eré fúnra rẹ̀ lọ nígbà mìíràn, pàápàá lórí òkè.

Láàárín 70 sí 90, lórí jía tó ga jù, ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń jẹ epo díẹ̀ jù. Ẹ má rìn lórí 40 pẹ̀lú jía yẹn: ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n, á sì máa tiraka.

Ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín. Ẹ rọ epo dé ẹnu táńkì, ẹ kọ kìlómítà sílẹ̀, ẹ wa ọkọ̀ lórí 80 láìyẹsẹ̀ fún ó kéré tán 100 kìlómítà, kí ẹ tún rọ ọ́ kún nídìí pọ́ǹpù kan náà. Lítà 12 fún kìlómítà 150 túmọ̀ sí lítà 8 fún 100. Lọ́jọ́ mìíràn tí afẹ́fẹ́ kò yàtọ̀, ẹ fi 110 ṣe é lójú ọ̀nà yẹn kan náà.

Bí 80 náà bá ń jẹ epo púpọ̀, eré kọ́ ló fà á. Ẹ wo bóyá búréèkì kan ń di táyà mú: ríìmù rẹ̀ á gbóná ju àwọn tó kù lọ. Ẹ wo atẹ́gùn táyà, ẹ tú férémù ẹrù orí ọkọ̀ tí ẹ kò lò. Fílítà afẹ́fẹ́ tó dí máa ń jẹ́ kí káburétọ̀ tú epo jù. Èyí tí àwọn mẹ́káníìkì sábà máa ń gbójú fò ni vacuum advance, ohun kékeré tó ń fi ìfamu ẹ́ńjìnnì mú kí iná púlọ́ọ̀gì tètè tàn, tó wà lára dìsìtíríbútọ̀ (ohun tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì): bí awọ inú rẹ̀ bá ya, iná púlọ́ọ̀gì á máa pẹ́ kó tó tàn lójú márosẹ̀, epo á sì ṣòfò. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ ẹnu kejì rọ́bà tó so mọ́ ọn, ẹ fi ẹnu fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Bí àwo inú dìsìtíríbútọ̀ kò bá mira, ẹ pààrọ̀ vacuum advance náà.