Stir fry ní Yorùbá: ẹ jẹ́ ká pè é ní àyídín

Ọ̀rọ̀ "stáà fúráì" yìí ti sú mi pátápátá. Ẹni tó bá ti da ẹran adìyẹ àti kárọ́ọ̀tì sínú páànù báyìí, stáà fúráì ló máa kọ sábẹ́ fọ́tò ẹ̀, bẹ́ẹ̀ Yorùbá tó dán mọ́rán ni gbogbo ìyókù ọ̀rọ̀ tó kọ. Mi ò bá ọ̀rọ̀ àyálò jà o. Kárọ́ọ̀tì, kábéèjì, sọ́yà sọ́ọ̀sì, kọ́ǹfúláwà, bẹ́ẹ̀ ni mo ń pe gbogbo wọn, torí nǹkan ọ̀hún àti orúkọ ẹ̀ jọ wọ̀lú ni, kò sẹ́ni tó bá wa ní orúkọ míì nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ ń ṣe nídìí iná yàtọ̀ sí ìyẹn. Èdè tó ní sè, bọ̀, dín, yan, sun, rò, gún, tẹ̀, kí ló wá fẹ́ yá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú ọ̀rọ̀ ìdáná?

Àyídín ni mo ń pè é. Kéèyàn máa yí nǹkan, kó máa dín in, ohun tí wọ́n bá yí dín ni àyídín. Tó bá jẹ́ adìyẹ àti ewébẹ̀ ni, àyídín adìyẹ eléwébẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹ ní "mo fẹ́ yí adìyẹ dín lálẹ́ yìí", bá a ṣe ń sọ pé "ó ba iṣẹ́ jẹ́", ohun tí à ń ṣiṣẹ́ lé lórí á bọ́ sáàárín, kò sí ọmọ Yorùbá tí kò ní gbọ́ ọ.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń sọ pé àròdín ló yẹ ká pè é, wọ́n ní ṣebí rò ni "stir", dín sì ni "fry", ẹ so méjèèjì pọ̀, ó parí. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń bí mi nínú jù, torí òyìnbó ni wọ́n ń wò lẹ́nu, wọn ò wo inú páànù. Kí là ń rò? À ń ro àmàlà, à ń ro ẹ̀fọ́. Nǹkan tó ki, tó dì mọ́ra, tí ọmọorógùn tàbí ìgbákọ wọ inú ẹ̀ tó ń pọ̀ ọ́ mọ́ra wọn, ìyẹn là ń pè ní rírò, àtidi ọ̀kan ṣoṣo ló sì wà fún. Adìyẹ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ sínú páànù gbígbóná ò gbọ́dọ̀ di ọ̀kan. Ṣe lẹ̀ ń yí i kí ojú ibi tó ti kan páànù lè ṣí sókè, kí ojú kejì náà lè kàn án. Tẹ́ ẹ bá ro adìyẹ bẹ́ ẹ ṣe ń ro àmàlà, á fọ́ yángá, kábéèjì á sì rọ pẹ̀tẹ̀. Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ sọ ọ́ síta náà, "mo ro adìyẹ dín". Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀?

Tiẹ̀ tún wò ó, òyìnbó tí wọ́n ń wò lẹ́nu yẹn gan-an ò ní ọ̀rọ̀ yìí nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ará Ṣáínà ló ni oúnjẹ, chǎo ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ kan péré. Lọ́dún 1945 ni obìnrin ará Ṣáínà kan tó ń jẹ́ Buwei Yang Chao, dókítà tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Japan, gbé ìwé ìdáná jáde ní Amẹ́ríkà, inú ìwé yẹn sì ni "stir-fry" ti jáde. Ọkọ ẹ̀, Yuen Ren Chao, onímọ̀ èdè ńlá ni, ó wà nínú iṣẹ́ ìwé náà. Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe: wọn ò fipá ti chǎo sí àwọn òyìnbó lẹ́nu, wọ́n wo ohun tí ọwọ́ ń ṣe, wọ́n mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì tó wà nílẹ̀, wọ́n so ó pọ̀. Ohun tí mo ṣe pẹ̀lú yí àti dín náà nìyẹn. Ẹni tó bá wá sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni ojúlówó, tiwa ni ayédèrú, kó wá ṣàlàyé fún mi bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n hun lọ́dún 1945 ṣe di ojúlówó.

Mo tún ti rí "ìdín-kíákíá". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro ti ẹni tó máa kà á. Púpọ̀ nínú wa kì í fi àmì ohùn sọ́rọ̀ lórí fóònù, bó bá sì ti di "idin kiakia adiye", ìdin inú ẹran tó ti rà ló máa kọ́kọ́ sọ sí èèyàn lọ́kàn. Orúkọ oúnjẹ kọ́ nìyẹn. Ẹnì kan bi mí pé ṣé àyídín náà ò ní i nínú, mo ní ojú kì í pín ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tó bá ń kà á, "ayi" ló kọ́kọ́ rí. "Adìyẹ díndín" náà ò ṣeé lò, ó ti ní olówó orí, ìyẹn ni adìyẹ tó wọnú òróró rì bíi dòdò. Àwọn tó sì ń pè é ní ẹ̀fọ́ rírò aládìyẹ, mi ò ní pẹ́ lórí tiwọn, ata lílọ̀ àti epo pupa ni wọ́n fi ń se ẹ̀fọ́ rírò, ó ń pẹ́ lórí iná, omi ata gbọ́dọ̀ gbẹ kí ẹ̀fọ́ tó wọ̀ ọ́. Oúnjẹ méjì ni.

Ó yá, kí ni àyídín gan-an? Ẹ wo àwọn ìyá tó ń yan gààrí. Agbada fẹ̀, iná ń jó lábẹ́ ẹ̀, ìyá ò ní da gbogbo gààrí inú ọpọ́n sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ìwọ̀nba ló máa bù sí i, àkúfọ́ igbá á wà lọ́wọ́ ẹ̀ tí á máa fi wọ́ ọ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́, á tún tì í padà sáàárín, á máa yí i, torí gbogbo hóró ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fara kan agbada, kí omi inú ẹ̀ sì lè ráyè fò lọ. Tó bá bù ú jù, tàbí tó jẹ́ kí ọwọ́ sinmi, gààrí á dì kókó, omi ẹ̀ á há sínú, á bẹ̀rẹ̀ sí í sè dípò kó yan. Àyídín nìyẹn, òróró ló kàn wọ̀ ọ́. Torí òróró yẹn ni mi ò sì ṣe pè é ní yíyan.

Ibi omi yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bà á jẹ́ nílé. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá wà nílẹ̀ páànù, ibi tí omi wà ò lè gbóná kọjá 100°C, omi á kàn máa hó ni. Bẹ́ẹ̀ kí ara ẹran tó pupa, kó máa ta sánsán, ó tó bíi 140°C. Tẹ́ ẹ bá da ẹran tó pọ̀ sí páànù kékeré lẹ́ẹ̀kan, páànù á tutù, ẹran á tú omi sílẹ̀, ẹ ó gbọ́ tí ariwo ṣàà tó ń ké tẹ́lẹ̀ á di pútúpútú, ẹran á funfun bí èyí tí wọ́n bọ̀. Bíbọ̀ lẹ̀ ń bọ̀ ọ́ yẹn, ẹ má pè é ní àyídín. Ẹ pín ẹran sí ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta kẹ́ ẹ tó dín in tí páànù yín bá kéré. Bóyá wọ́ọ̀kì, páànù jíjìn àwọn ará Ṣáínà, ni o tàbí fúráípáànù lásán, ìyẹn ò jẹ́ nǹkan kan nílé, iná gáàsì wa ò lágbára bíi ti ilé oúnjẹ Ṣáínà, páànù tó fẹ̀, tó nípọn, ti tó.

Adìyẹ bíróílà ni kẹ́ ẹ lò, àyà tàbí itan tí wọ́n ti yọ eegun ẹ̀. Mo mọ̀ pé àṣà wa ni ká kọ́kọ́ bọ adìyẹ pẹ̀lú àlùbọ́sà àti táìmù ká tó dín in, ó dáa fún adìyẹ tó ti gbó, èyí tó ti yé ẹyin yé ẹyin tó ti le bíi rọ́bà, ìyẹn ò ṣeé yí dín ní tútù. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ bọ bíróílà, gbígbẹ ló máa gbẹ bí òwú. Èyí tó ṣì dì díẹ̀ látinú fíríìsà ló rọrùn jù láti gé. Ẹ wo bí iṣan ẹran ṣe nà, kẹ́ ẹ gé e dábùú, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka ọmọdé, kó lè rọ̀ lẹ́nu. Fún èèyàn mẹ́ta, àyà adìyẹ 2 tó. Ẹ fi ṣíbí ìjẹun 1 sọ́yà sọ́ọ̀sì, ṣíbí tíì 1 kọ́ǹfúláwà àti òróró díẹ̀ pa á lára, kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Kọ́ǹfúláwà yẹn ló ń bo ẹran lára tí omi ara ẹ̀ ò fi ní jáde tán, òun ló ń jẹ́ kó máa yọ̀ lẹ́nu. Iyọ̀ ti wà nínú sọ́yà sọ́ọ̀sì, ẹ rọra pẹ̀lú máàgì.

Ẹ gé gbogbo ẹ̀fọ́ tán kí iná tó wọ̀ ọ́, torí nígbà tí páànù bá ti gbóná kò sí àyè láti máa wá ọbẹ kiri. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí omi ẹ̀ ro dànù pátápátá. Kárọ́ọ̀tì 2, gíríìn bíìnsì ẹ̀kúnwọ́ kan, gíríìn pẹ́pà 1, kábéèjì díẹ̀, àlùbọ́sà, àlùbọ́sà eléwé, áyù àti atalẹ̀ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́.

Òróró ẹ̀pà ni mo fara mọ́, ó ń gba iná dáadáa. Nígbà tó bá ń dán, tó ń sáré kiri nínú páànù, ẹ tẹ́ ẹran sí i, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 30 kó lè mú àwọ̀, lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ wá máa yí i láìdáwọ́ dúró. Tó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná ẹ gbé e kúrò sínú àwo. Ẹ tún fi òróró díẹ̀ sí i, áyù àti atalẹ̀ ń wọlé, wọn ò gbọ́dọ̀ pẹ́ kí wọ́n má baà jó korò, kárọ́ọ̀tì àti gíríìn bíìnsì tẹ̀ lé e torí àwọn ló le, ẹ yí i fún bí ìṣẹ́jú 2, kí àlùbọ́sà, gíríìn pẹ́pà àti kábéèjì tó wọ̀ ọ́. Ẹran padà sínú ẹ̀. Ẹ po ṣíbí tíì 1 kọ́ǹfúláwà pẹ̀lú omi tútù àti sọ́yà sọ́ọ̀sì, ẹ rú u dáadáa kẹ́ ẹ tó dà á sí i, torí ó máa ń sùn sísàlẹ̀ ife, tẹ́ ẹ bá sì fi omi gbígbóná pò ó á dì. Láàárín ìṣẹ́jú kan á ki, á máa dán lára ẹran. Ẹ gé èyí tó tóbi jù nínú ẹran wò, inú ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ pọ́n mọ́.

Àlùbọ́sà eléwé ló kẹ́yìn, ẹ pa iná, kẹ́ ẹ sì bù ú kúrò nínú páànù lójú ẹsẹ̀, torí páànù gbígbóná ò mọ̀ pé wọ́n ti pa iná, á ṣì máa se ewébẹ̀ títí á fi rọ pẹ̀tẹ̀. Ìrẹsì funfun ló bá a mu jù. Àwọn tó ń da sùpàgẹ́tì mọ́ ọn náà ò ṣẹ̀, àyídín sùpàgẹ́tì ni tiwọn, kí wọ́n ṣáà sẹ́ omi ẹ̀ dáadáa kó tó wọ páànù.