Ìlọ irin, ìrìn òkúta

Kò sí ọmọ Ìlọrin tí wọn ò pìtàn òkúta fún rí. Òjó ọdẹ, tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀, ní òkúta kan tó ń lọ irin lé lórí. Ìlọ irin yìí ló di Ìlọrin. Wọ́n ní òkúta náà ṣì wà ní agbo ilé Bándélé ládùúgbò Ìdí-Àpẹ, níbi tó wà látijọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá ṣi àmì ohùn fi sórí “irin”, “ìrìn” ni yóò dà, ibì kan sì wà láyé tí òkúta ti ń rìn.

Racetrack Playa ni wọ́n ń pe ibẹ̀, ní Death Valley, Àfonífojì Ikú tó wà ní Kalifọ́níà, Amẹ́ríkà. Adágún tó gbẹ ni. Ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin ààbọ̀ ní gígùn àti méjì ní fífẹ̀, amọ̀ rẹ̀ sán káàkiri bí ẹ̀yìn ìjàpá. Òkúta a máa já láti ara òkè tó wà létí rẹ̀ bọ́ sórí amọ̀. Bó bá yá, wọ́n á bá a níbòmíràn, tòun ti ipa gbọọrọ lẹ́yìn rẹ̀, bí ìgbà téèyàn wọ́ àpò gàrí kọjá lórí ẹrẹ̀. Kò sí ojú ẹsẹ̀ èèyàn, kò sí ti ẹranko.

Awakùsà kan, Joseph Crook, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀, lọ́dún 1915. Ní 1948, Jim McAllister àti Allen Agnew, tí wọ́n mọ̀ nípa òkúta, ya àwòrán ilẹ̀ náà. Wọ́n fura sí ìjì. Àwọn mìíràn ní omi dídì ni.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti Robert Sharp àti Dwight Carey, tí àwọn náà mọ̀ nípa òkúta. Lọ́dún 1972, wọ́n yan òkúta 30, wọ́n sàmì síbi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, wọ́n sì sọ wọ́n lórúkọ bí ọmọ tuntun. Ó kù kí wọ́n pa àgbò. Nancy, tí kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 6.5 lọ, ló rìn jù: mítà 262 lápapọ̀. Karen, tó wúwo ju àpò sìmẹ́ńtì mẹ́fà lọ, kò mira. Láàárín ọdún méje, 28 nínú 30 ló kúrò lójú kan. Wọ́n tún ri ọ̀pá irin méje yí òkúta kékeré kan ká: bó bá jẹ́ omi dídì tó fẹ̀ ló ń gbé e, ọ̀pá irin á dá a dúró. Òkúta gba àárín irin jáde, ó rin mítà mẹ́jọ ààbọ̀. Ìrìn borí irin. Ni wọ́n bá gbà pé kì í ṣe omi dídì tó fẹ̀.

Àṣìṣe ni. Àwọn olùwádìí kan, Richard Norris àti ìbátan rẹ̀ James, so GPS, ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí nǹkan wà, mọ́ òkúta 15 tí wọ́n gbé wá láti ìta, nítorí àwọn aláṣẹ ò gbà kí wọ́n fi ti ibẹ̀ ṣe é. Lọ́jọ́ 20 oṣù Kejìlá 2013, ó ṣẹlẹ̀ lójú wọn kòrókòró. Òkúta tó lé ní 60 rìn lọ́jọ́ náà. Omi díẹ̀ ti dúró lórí amọ̀, òtútù òru sì sọ ojú rẹ̀ di pálí omi dídì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mìlímítà mẹ́ta sí mẹ́fà péré, bí gíláàsì fèrèsé. (Ọyẹ́ tiwa ní Ìlọrin ń bẹ́ni létè, àmọ́ kì í mú débi tí omi inú garawa á dì.) Nígbà tí oòrùn ràn, pálí náà fọ́ sí abala ńláńlá, atẹ́gùn tí kò le rárá ń tì í, òun náà ń ti òkúta lórí ẹrẹ̀ tó ń yọ̀. Òkúta kan rin mítà 224 kó tó di ìparí oṣù Kìíní 2014, ó ju ìlọ́po méjì pápá bọ́ọ̀lù lọ.

Mítà méjì sí márùn-ún ni wọ́n ń rìn ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó dúró létí omi lè wò ó títí kó má mọ̀, nítorí òkúta tó fẹ́ fi díwọ̀n, òun náà ń rìn.