Bí wọ́n ṣe ń wọn ẹrù ẹni tó ń tọ́jú arúgbó tí iyè rẹ̀ ti ra

Ìwé ìbéèrè kan wà tí wọ́n fi ń wọn ẹrù tó wà lọ́rùn ẹni tó ń tọ́jú arúgbó bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè 22 ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tó ń wádìí àìsàn fúnra rẹ̀. Kò béèrè bóyá Màmá ṣì mọ orúkọ àwọn ọmọ wọn, bóyá wọ́n ṣì ń dá jẹun, bóyá wọ́n ń tọ̀ sára. Ẹni tó ń fọ aṣọ títọ̀ náà ló dojú ọ̀rọ̀ kọ. Ṣé ara rẹ̀ ṣì le? Ṣé ó ṣì ń ráyè yà sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́? Ṣé inú máa ń bí i? Ṣé ẹ̀rù ọjọ́ iwájú ń bà á?

Steven Zarit, onímọ̀ nípa ọjọ́ ogbó, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ló gbé e jáde ní Amẹ́ríkà ní 1980. Ìbéèrè 29 ni nígbà náà, kí wọ́n tó gé e kù sí 22. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní ìdáhùn márùn-ún: "kò ṣẹlẹ̀ rí" jẹ́ 0, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìgbà gbogbo jẹ́ 4. Wọ́n á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ibi tó ga jù tí ó lè dé ni 88. Ìpín tó wọ́pọ̀ ni pé ẹni tó bá gba 0 sí 20 kò ní ìnira tó fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Tó bá ti kọjá 40, ẹrù ti ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Tó bá ti dé 61, àfi kí wọ́n tètè wá nǹkan ṣe.

Ohun tí Zarit àti ẹgbẹ́ rẹ̀ rí nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ lò ó ló jẹ́ kí ìwé náà wúlò títí dòní. Arúgbó 29 àti àwọn 29 tó ń tọ́jú wọn ni wọ́n bá sọ̀rọ̀. Wọ́n rò pé ẹni tí arúgbó rẹ̀ ń yọni lẹ́nu jù ni máàkì rẹ̀ yóò ga jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iye ìgbà tí àwọn mọ̀lẹ́bí yòókù ń wá kí arúgbó náà ló bá máàkì rìn: ilé tí ẹsẹ̀ ti pọ̀, ẹrù fúyẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ Èkìtì, tó mọ iye ilé tí ó jẹ́ pé ọmọ kan ṣoṣo ló kù sílé, tí àwọn yòókù wà ní Èkó, Àbújá tàbí òkè òkun, yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Amẹ́ríkà nìkan. Owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ dára. Àmọ́ owó kì í gbé arúgbó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì.

Kí àwọn tó fẹ́ lo ìwé náà ní Èkìtì tó béèrè ohunkóhun, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí ẹni tí wọn yóò bi. Kò rọrùn bó ṣe ń dún létí. Bí wọ́n bá gbé bàbá kan lọ sí ọsibítù ńlá ní Adó tàbí Ìdó-Èkìtì, ọmọkùnrin àgbà tó san owó káàdì ló máa ń wọlé bá dókítà. Òun ló ń sọ̀rọ̀, òun ló ń fọwọ́ síwèé. Ẹni tó ń wẹ bàbá láràárọ̀, ó lè jẹ́ ìyàwó àbúrò rẹ̀, tàbí ọmọ-ọmọ tí kò tíì jáde ìwé mẹ́wàá, ìta ló jókòó sí pẹ̀lú fúláàsì tíì. Tí wọ́n bá fún ọmọkùnrin náà ní ìwé, máàkì 12 ni yóò mú jáde, wọ́n á sì ní kò sí ìṣòro nínú ilé náà. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó mọ́gbọ́n dání ni: ta ló fọ ẹnu fún wọn lónìí?

Orúkọ tí àwa fúnra wa fún àìsàn náà tún ń dí ìwọ̀n lọ́wọ́. A ní wọ́n ń ṣarán, a ní iyè wọn ti ra, a ní ogbó ti dé. Ẹni tó gbà pé ogbó lásán ni kì í ka ohun tó ń ṣe sí ìtọ́jú. Bí wọ́n bá bi í pé ta ní ń tọ́jú aláìsàn níbí, yóò ní kò sí aláìsàn nínú ilé àwọn. Bí ìyá arúgbó bá sì ń dá sọ̀rọ̀ lóru, àwọn ará àdúgbò ní orúkọ mìíràn tí wọ́n máa ń pè é, orúkọ tí ọmọ rẹ̀ kò ní í fẹ́ dá níwájú ẹni tó mú bírò dání. Ibẹ̀ gan-an ni ìbéèrè tó dá lórí ìtìjú máa ń há sí.

Lẹ́yìn èyí ni ti èdè. Ẹnì kan á túmọ̀ ìwé náà láti Gẹ̀ẹ́sì, ẹlòmíràn tí kò rí ti àkọ́kọ́ á dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á wá gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn wò. Wọ́n á kà á sétí àwọn ènìyàn díẹ̀, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ohun tí wọ́n gbọ́. Ìgbà yìí ni àléébù máa ń hàn. Bí wọ́n bá pe máàkì 1 ní "lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan", tí wọ́n pe 2 ní "nígbà mìíràn", ẹ ní kí ìyá kan lọ́jà Ìfàkì sọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì. Ẹ̀rín ni yóò fi dá yín lóhùn. Ó sàn kí wọ́n to ọmọ ayò sílẹ̀, láti orí ẹyọ kan dé mẹ́rin, kí wọ́n fi àyè kan sílẹ̀ lófìfo, kí olùdáhùn fọwọ́ kan èyí tó bá tirẹ̀ mu. Ẹni tó ń pe ilé ní ulé, tó ń pe iṣẹ́ ní uṣẹ́, gbọ́ Yorùbá inú ìwé dáadáa. Ṣùgbọ́n ohùn tí wọ́n bá fi bi í ni yóò sọ bóyá yóò dáhùn bí ẹni tó ń bá ọmọ ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, tàbí bí ẹni tó dúró níwájú tísà.

Èyí tí ìtumọ̀ kò lè wò sàn tún wà. Ìbéèrè kan fẹ́ mọ̀ bóyá arúgbó náà ń ṣe bíi pé olùtọ́jú yìí nìkan ni òun lè gbójú lé. Lójú ẹni tó kọ ọ́, ìnira ni. Lójú tiwa, ìyìn ni: bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Obìnrin náà yóò fi ìdùnnú dáhùn pé, "Èmi nìkan ni wọ́n mọ̀!" Máàkì 4 á wọlé, bí ẹni pé ó ké gbàjarè. Tí wọ́n bá wá bi í bóyá ó wù ú kí ẹlòmíràn gba ìtọ́jú náà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ọmọ tí yóò jẹ́wọ́ ìyẹn lójú àlejò.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ọ̀ọ̀dẹ̀ kan ní Ìjerò. Olùbéèrè fẹ́ mọ̀ bóyá ìtọ́jú Màmá kì í jẹ́ kí obìnrin ilé náà ráyè fún ara rẹ̀. "Rárá o! Ìyá tó pọ̀n mí?" Kó tó sọ̀rọ̀ tán, ó ti dìde, ó lọ gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ Màmá. Ó padà jókòó. Ìbéèrè kejì kò tíì parí tí àgádágodo ẹnu géètì fi ń dún: Màmá ti fi ìborùn di aṣọ méjì, wọ́n ní àwọn ń lọ ulé. Ilé bàbá wọn tó ti wó tipẹ́ ni wọ́n ń wí. Obìnrin náà tún dìde, ó rọra mú wọn lọ́wọ́, ó ní ilẹ̀ ti ṣú, ọ̀la ni àwọn yóò jọ lọ. Olùbéèrè kọ 0.

Kò lè yí ìbéèrè padà kí ìdáhùn lè bá ohun tó rí mu, torí bí olúkúlùkù bá ń béèrè bó ṣe wù ú, máàkì Ìjerò àti ti Ìkẹ́rẹ́ kò ní í ṣeé fi wé ara wọn mọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń mú ìwọ̀n mìíràn mọ́ ọn. Èyí tí wọ́n ń pè ní NPI (Neuropsychiatric Inventory, ìwọ̀n ìwà ẹni tí iyè rẹ̀ ti ra) ń mú ìwà 12 lọ́kọ̀ọ̀kan: rírí ohun tí kò sí, ìbínú, àìsùn lóru, rírìn sókè sódò àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á fún bí ìwà náà ṣe le tó ní máàkì 1 sí 3, wọ́n á sì fún bó ṣe ń da olùtọ́jú láàmú tó ní 0 sí 5. Ó máa ń rọni lọ́rùn láti dáhùn èyí. Obìnrin tí kò ní í gbà láé pé ìyá òun ń ni òun lára lè sọ wẹ́rẹ́ pé ọ̀rọ̀ géètì yẹn ń já òun láyà.

Ìwọ̀n kẹta, RUD (Resource Utilization in Dementia), ní tirẹ̀ kò bìkítà nípa bó ṣe ń dunni. Wákàtí ló ń kà. Láàárín oṣù tó kọjá, wákàtí mélòó lóòjọ́ lẹ fi wẹ̀ wọ́n, tí ẹ fi fún wọn lóúnjẹ, tí ẹ fi mú wọn lọ sí ilé ìgbẹ́? Mélòó lẹ fi se oúnjẹ wọn, tí ẹ fi ra oògùn? Mélòó lẹ fi ń ṣọ́ wọn lásán? Ẹ̀ka kẹta yìí ló máa ń gun jù, òun náà ló sì ṣòro jù láti kà, torí ẹni tó ń ta gaàrí níwájú ilé ń ṣọ́ Màmá, ó tún ń tajà. Oúnjẹ náà sì nìyẹn: iyán gbogbo ilé ni wọ́n gún, wọn kò ní í ka gbogbo rẹ̀ sọ́rùn Màmá. Àfi èyí tí wọ́n tún dá sè nítorí pé wọn kò lè jẹ iyán mọ́.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní wákàtí 5 lóòjọ́ ni àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ ń lò lórí irú ìtọ́jú yìí, tí a bá pín in dọ́gba káàkiri ayé, pé àwọn obìnrin ló sì ń ṣe ìdá 70 nínú 100 wákàtí náà. Ẹ fi owó sí i. Owó oṣù tó kéré jù ní Nàìjíríà láti 2024 ni ₦70,000. Tí òṣìṣẹ́ bá ń ṣe wákàtí 8 lóòjọ́ fún ọjọ́ 22, wákàtí kan jẹ́ nǹkan bíi ₦398. Wákàtí 5 lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 30 jẹ́ 150. Owó rẹ̀ á tó bíi ₦60,000 lóṣù. Nígbà tí ìjọba Káyọ̀dé Fáyẹmí bẹ̀rẹ̀ owó arúgbó ní Èkìtì ní 2011, ₦5,000 lóṣù ni wọ́n ń fún ẹni tó ti lé ní 65. Arúgbó ni wọ́n kà. Orúkọ ẹni tó ń tì í lẹ́yìn dé ibi tí wọ́n ti ń gba owó kò sí níbì kankan nínú ìwé.

Máàkì ìgbà kan ṣoṣo kò sọ púpọ̀. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, wọ́n á tún padà béèrè. Bí 38 bá ti di 55, nọ́ọ̀sì yóò wádìí ohun tó yí padà, ó sì lè jẹ́ pé ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń ranni lọ́wọ́ ló ti lọ.

Ìbéèrè kejìlélógún ló kẹ́yìn ìwé Zarit: ká pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, báwo ni ẹrù náà ṣe wúwo tó? Obìnrin Ìjerò yẹn yóò ní kò wúwo rárá. Olùbéèrè á kọ 0 síbẹ̀, nítorí ohun tó gbọ́ ni wọ́n ní kó kọ. Tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, á fi lẹ́tà wínníwínní kọ ọ́ sí etí ìwé pé olùdáhùn dìde nígbà méje.