Gáàsì kílíìmù ọkọ̀ kì í tán o, ó ń jò ni

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, tẹ́ ẹ bá ń wakọ̀ lọ Kùtọnù lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn tí kílíìmù, ẹ̀rọ tó ń mú inú ọkọ̀ tutù, wá ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí yín lójú, ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ ní gàráàjì ni pé "gáàsì ti tán, ẹ jẹ́ ká rọ òmíì sí i." Ọ̀rọ̀ "tán" yẹn gan-an ló ń dùn mí, torí owó tó ń gbà lọ́wọ́ èèyàn ò kéré.

Gáàsì kílíìmù kì í tán bí ẹsáńsì ṣe ń tán, ọkọ̀ ò jó o, kò mu ún. Inú páìpù tí wọ́n dì pa ló ti ń yípo: kọ̀ǹpírésọ̀ á fún un pọ̀, kóńdáńsọ̀ tó wà níwájú ọkọ̀ á tú ooru ẹ̀ dànù, á di omi, á gba ojú ihò tóóró kan bọ́ sínú ẹfapọratọ̀ lẹ́yìn tábúlò, ibẹ̀ lá ti gba ooru inú ọkọ̀ mọ́ra tá á tún padà. Lóòótọ́ rọ́bà páìpù lè jẹ́ kí díẹ̀ díẹ̀ sá lọ láàárín ọdún púpọ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá rọ ọ́ lóṣù tó kọjá tó tún ti lọ, ihò wà níbì kan.

Èmi fúnra mi rọ gáàsì ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kí ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ tó gbé tọ́ọ̀ṣì, ó ṣí kàpó, ó ní "bàbá, ẹ wo ibí." Lábẹ́ ibi tí páìpù ti wọ kóńdáńsọ̀, eruku pupa lẹ̀ mọ́ ojú kan ṣoṣo bí ìgbà tí wọ́n fi òróró ra á, ibi yòókù gbẹ. Ó da omi ọṣẹ sí i, a dúró, ìfófòó kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í wú jẹ́jẹ́, ó bẹ́, òmíì tún wú. Òróró tó ń bá gáàsì rìn láti máa fi ra kọ̀ǹpírésọ̀ ló ń bá a jáde, ìdí nìyẹn tí eruku fi ń dúró níbẹ̀. Òrùka rọ́bà kan ló ti le gan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọṣẹ ò lè rí ihò tó kéré jù ṣá. Wọ́n lè rọ àwọ̀ kan mọ́ gáàsì, tẹ́ ẹ bá lò ó fọ́jọ́ díẹ̀ tẹ́ ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì UV sí i, ibi tó ń jò á máa tàn yòò. Ẹ̀rọ kan náà wà tó ń gbóòórùn gáàsì tó sì ń ké, àmọ́ kí wọ́n máa fà á lábẹ́ páìpù, torí gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Ẹfapọratọ̀ ló nira jù torí ó fara pa mọ́, ibi ihò tí omi kílíìmù ń gbà kán sílẹ̀ ni kí wọ́n ti gbọ́ ọ. Kí wọ́n má gbàgbé fáàfù tí wọ́n ń gbà rọ gáàsì, ó jọ ti táyà, ó máa ń jò gan-an.

Àwọn míì á fi pọ́ńpù fa inú ẹ̀ gbẹ fún 30 ìṣẹ́jú, wọ́n á wá máa wo aago tó ń wọn ìfúnpá inú páìpù bóyá á gòkè. Ó dáa, àmọ́ ìyẹn á sọ pé ó ń jò ni, kò ní sọ ibi tó ti ń jò. Asọ́ọ̀tì, ìyẹn gáàsì náítírójìn, ni kí wọ́n fi dán an wò. Ẹ JỌ̀Ọ́, ẹ má gbà kẹ́nikẹ́ni fi ọ́síjìn àwọn tó ń jó irin sí i, tó bá pàdé òróró inú ẹ̀ ó lè bú gbàù! Ẹ má sì fi iná wá a, májèlé ni gáàsì yẹn ń dà tó bá jóná.

Ẹ wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ sábẹ́ kàpó náà, kẹ́ ẹ lè mọ irú gáàsì tí ọkọ̀ yín ń lò. Láti 2017 Yúróòpù ò gbà kí wọ́n fi gáàsì àtijọ́ tó ń jẹ́ R134a sínú ọkọ̀ tuntun mọ́, gáàsì R1234yf ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹ má pò wọ́n pọ̀. Ìwé yẹn náà ló sọ iye gíráàmù tó ń gbà, tí wọ́n bá ti dí ihò náà tán kí wọ́n gbé gáàsì sórí òṣùwọ̀n kí wọ́n tó rọ ọ́, kí ẹ̀yin náà dúró tì wọ́n kẹ́ ẹ máa wò ó.