Bí ọmọ ṣe ń dá àdìrẹ mọ̀ ní Ìtokú

Ọmọ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá sí ìsọ̀ aláṣọ ní ọjà Ìtokú, l'Ábẹ́òkúta, kì í rí ẹni tí yóò jókòó tì í máa ka orúkọ aṣọ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ìyá tó ni ìsọ̀ a fa aṣọ kan yọ: "Oníko nìyí." A tún fa òmíràn yọ: "Ẹlẹ́kọ nìyí o, má ṣì wọ́n mú." Àlàyé parí nìyẹn. Láti ìgbà náà lọ, ọmọ á máa tú aṣọ, á máa ká a, á máa gbé e fún oníbàárà, àìmọye aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ fún un. Síbẹ̀, nígbà tó bá ṣe díẹ̀, bí wọ́n bá ní kó mú ẹlẹ́kọ mẹ́ta wá, ẹlẹ́kọ mẹ́ta náà ni yóò gbé dé.

Kí ni ojú rẹ̀ ń rí tí ẹnu ìyá kò sọ? Oníko, ìko ni wọ́n fi ń so ó kí wọ́n tó rì í sínú aró. Ibi tí ìko bá ti fún un pinpin, aró kì í débẹ̀, funfun ló ń wà, ṣùgbọ́n etí funfun náà kì í mú, aró a máa yọ́ wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ náà a sì hàn lójú, a hàn lẹ́yìn. Ẹlẹ́kọ yàtọ̀. Láfún ni wọ́n ń rò bí ẹ̀kọ, tí wọ́n ń fi álọ́ọ̀mù sí, tí wọ́n fi ń ya aṣọ kí aró má baà mú ibi tó wà. L'Ábẹ́òkúta, wọ́n máa ń gé páànù ní bátànì, wọ́n á tẹ́ ẹ lé aṣọ, wọ́n á fi ẹ̀kọ ra á. N'Íbàdàn, ìyẹ́ adìẹ ni ọ̀pọ̀ fi ń ya tiwọn. Ojú kan ṣoṣo ni ẹ̀kọ ń wà, ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn ẹlẹ́kọ fi ń dú ju ojú rẹ̀ lọ. Ọmọ tó ń ká aṣọ láti àárọ̀ dalẹ́ ń rí ojú, ó ń rí ẹ̀yìn. Ẹni tó kàn ń wo aṣọ tí wọ́n fi kọ́ kò ní rí ìdajì ẹ̀kọ́ yìí.

Ọ̀nà méjì ni ìmọ̀ ń gbà wọlé níbí. Orúkọ ń sọ fún ọmọ pé ìsọ̀rí méjì ló wà. Aṣọ tí kò lórúkọ ń fi hàn án bí ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ṣe fẹ̀ tó, àti ibi tí àlàfo wà láàárín wọn. Ọkàn ènìyàn ń ṣe èkejì yìí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Ìwádìí tí Paul Quinn àti Peter Eimas pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ wọn gbé jáde ní 1993 fi hàn pé ìkókó oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin tí wọ́n fi àwòrán ológbò oríṣiríṣi hàn a máa tẹjú mọ́ ajá tí wọ́n bá gbé dé lẹ́yìn náà, bí ẹni rí àlejò. Ọmọ tí kò tíì lè pe "ìyá" ti ń ya ẹranko sọ́tọ̀.

Ohun tó gba àfiyèsí jù ni pé aṣọ tí kò lórúkọ lè sún ààlà. Ẹ jẹ́ ká mú dídú aró. Aṣọ tí wọ́n rì lẹ́ẹ̀mejì kì í dú tó èyí tí wọ́n rì lọ́pọ̀ ìgbà. Kí wọ́n fi ọ̀kan tó mọ́lẹ̀ han ọmọ méjì, kí wọ́n fi ọ̀kan tó dú hàn wọ́n, orúkọ kan náà fún àwọn méjèèjì. Kí ọ̀kan wá lọ sí ìsọ̀ tí ọ̀pọ̀ aṣọ ibẹ̀ dú, kí èkejì lọ síbi tí ọ̀pọ̀ ti mọ́lẹ̀. Aṣọ àárín méjì tí ọmọ àkọ́kọ́ yóò pè ní èyí tó mọ́lẹ̀, òun gan-an ni èkejì yóò pè ní dúdú. Irú èyí ni Xiaojin Zhu, Timothy Rogers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Wisconsin rí ní 2007. Àwòrán méjì péré ni wọ́n dárúkọ fún àwọn ènìyàn, wọ́n wá da àwòrán aláìlórúkọ bò wọ́n. Ibi tí àwọn aláìlórúkọ yẹn pọ̀ sí ni ààlà wọn sún tẹ̀lé. Nítorí náà, kí ọlọ́jà méjì máa jiyàn lórí orúkọ aṣọ kan kò fi dandan jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ò mọṣẹ́.

Ìgbà tí orúkọ dé náà ṣe pàtàkì. Ní 2019, Alexander LaTourrette àti Sandra Waxman fi ohun tí ọmọ ọdún méjì kò rí rí hàn wọ́n. Nígbà tí wọ́n dárúkọ díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, tí wọ́n wá fi ìyókù hàn wọ́n láìdárúkọ, àwọn ọmọ mọ ìsọ̀rí náà. Nígbà tí orúkọ kẹ́yìn, wọn kò mọ̀ ọ́n. Ìyá tó dárúkọ láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ ti ṣe ohun tó yẹ kí gbogbo olùkọ́ máa ṣe: orúkọ níí sọ fún ojú pé kí ló ń wá.

Àmọ́ wíwò nìkan kì í tún àṣìṣe ṣe. Ayédèrú àdìrẹ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ lókè òkun ti wọ ọjà, ojú kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ń mú, bí ẹlẹ́kọ. Ọmọ tó ti fi ẹ̀yìn aṣọ ṣe àmì yóò kó o mọ́ ẹlẹ́kọ. Bó bá sì ṣe ń rí i sí, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa dá a lójú sí i, nítorí kò sẹ́ni tó sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Níbí, àfi kí ẹnu tún dá sí i.

"Ìyá, ẹlẹ́kọ kọ́ nìyí ni?"

Ìyá a tẹ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. "Ayédèrú ni. Fìka tọ bátànì yẹn, wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀."

Ọmọ á fìka tọ̀ ọ́. Ti ẹ̀rọ, ìlà kan náà láti òkè délẹ̀, kò gùn, kò kúrú. Ti ẹlẹ́kọ, ẹ̀kọ nípọn níhìn-ín, ó fẹ́lẹ́ lọ́hùn-ún, aró sì ti rá wọ ibi tó fẹ́lẹ́ yẹn. Aṣọ tó bá tún tú lẹ́yìn èyí, kí ó tó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ìka rẹ̀ á ti wà lójú ìlà.