Àlàyé Ọ̀rọ̀: Kí Ni Fíìmù Àtúnya?

Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí ń gbé fíìmù sórí fóònù fún àwọn oníbàárà ní Lágéré, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, pé kí ni wọ́n ń pè ní rìméèkì, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò dáhùn pé fíìmù tí wọ́n tún ṣe ni. Èsì náà kò burú, ṣùgbọ́n kò tó, nítorí pé ohun tó bá bàjẹ́ ni a sábà máa ń tún ṣe, fíìmù àkọ́kọ́ kò sì bàjẹ́. Ó wà níbẹ̀ digbí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn ẹlòmíràn gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, wọ́n kó òṣèré mìíràn jọ, wọ́n sì ya ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní ìlú mìíràn tàbí ní ìgbà mìíràn. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ kí á máa pè é ní fíìmù àtúnya.

Kì í ṣe apá kejì, nítorí pé ńṣe ni apá kejì ń bá ìtàn lọ. Kì í sì í ṣe fíìmù tí wọ́n kàn fi èdè mìíràn sí lẹ́nu àwọn òṣèré rẹ̀.

Àpẹẹrẹ tó ṣe kedere jù lójú tèmi ni fíìmù ọ̀daràn kan tí Andrew Lau àti Alan Mak darí ní Hong Kong ní ọdún 2002, tí orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì ń jẹ́ Infernal Affairs. Ilé-iṣẹ́ Warner Bros. ti Amẹ́ríkà ra ẹ̀tọ́ rẹ̀, Martin Scorsese sì tún un ya ní ọdún 2006, ó pe tirẹ̀ ní The Departed. Ọmọ Ifẹ̀ kò nílò àlàyé púpọ̀ kí ìdí ìtàn náà tó yé e, nítorí pé ìtàn Mọ́remí ti là á lójú. Mọ́remí jẹ́ kí àwọn tí ń fi ìko bora wá kó Ifẹ̀ mú òun lọ, ó di aya ọba wọn, ó sì fara balẹ̀ títí ó fi mọ àṣírí wọn kí ó tó padà wálé. Ẹ wá fojú inú wò ó pé, ní gbogbo ìgbà tí Mọ́remí fi wà láàfin ọ̀tá, ọmọ ọ̀tá kan náà wà láàfin Ifẹ̀ tí ó ń jẹ tí ó ń mu bí ìjòyè, tí àwọn méjèèjì sì ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sílé ní bòókẹ́lẹ́. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nínú fíìmù Hong Kong náà nìyẹn: ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan ti ń gbé láàárín ẹgbẹ́ ọ̀daràn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọmọ ẹgbẹ́ ọ̀daràn kan sì ti di ọ̀gá láàárín àwọn ọlọ́pàá. Nígbà tí ara wá fu àwọn ọlọ́pàá, ọ̀gá yìí ni wọ́n fi iṣẹ́ wíwá amí lé lọ́wọ́, àfi bí ẹni pé wọ́n ní kí ó lọ mú ara rẹ̀ wá.

Eegun ìtàn yìí ni Scorsese àti William Monahan, ẹni tó kọ eré náà, gbé láìdá a. Kódà, àpò ìwé kan tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà tún ọ̀rọ̀ kọ sí lára, tí ó sì wá rí lórí tábìlì ọ̀gá ọlọ́pàá náà tí àṣírí fi tú, wà nínú fíìmù méjèèjì. Ẹran ara ìtàn ni wọ́n pààrọ̀. Wọ́n gbé e lọ sí Boston, sí àárín àwọn ọmọ Irish tó jẹ́ onísìn Kátólíìkì, wọ́n sì fi ìwà Whitey Bulger, olórí ọ̀daràn kan tó gbé ìlú náà rí, kún ìwà olórí ẹgbẹ́ tí Jack Nicholson ṣe. Obìnrin méjì tó wà nínú ti àkọ́kọ́, dókítà ọpọlọ àti àfẹ́sọ́nà, di ẹnì kan ṣoṣo tí àwọn ọkùnrin méjèèjì ń fẹ́ láìmọ̀. Ìṣẹ́jú 101 di 151, èyí tó pọ̀ jù nínú àfikún náà sì bá ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti wá àti irú ilé tó bí i lọ.

Ibi tí iṣẹ́ àtúnya wà gan-an nìyí, ìlú wa sì mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ní ọdún 1968, ní Ilé-Ifẹ̀, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré Ọlá Rótìmí tí à ń pè ní The Gods Are Not to Blame, èyí tí ó gbé ka eré Sophocles ará Gíríìsì lórí ọba tó pa bàbá rẹ̀ tó sì fẹ́ ìyá rẹ̀ láìmọ̀. Eré orí ìtàgé ni, kì í ṣe fíìmù, Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣe. Nínú ti Gíríìsì, ìjà ta ni yóò yà fún ta ni lójú ọ̀nà ni ó fa ikú bàbá náà. Rótìmí mọ̀ pé ìjà bẹ́ẹ̀ kò ní wọ Yorùbá lára tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó gbé ìjà náà sínú oko iṣu, níbi tí àwọn kan ti ń wu iṣu olóko níṣojú rẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ìran rẹ̀ bú u. Ẹni tó bá ní oko rí mọ bí inú Ọdẹ́wálé, olóko náà, yóò ti ru tó. Òun ni mo fi ń wọn gbogbo fíìmù àtúnya: ṣé ìbínú àti ìbẹ̀rù inú rẹ̀ ti di ti ibi tí wọ́n gbé e wá?

Pé gbajúmọ̀ òṣèré pọ̀ nínú rẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn. Lóòótọ́, Leonardo DiCaprio, Matt Damon, Mark Wahlberg, Martin Sheen àti Alec Baldwin wà nínú ti Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n gbajúmọ̀ ni Andy Lau, tó ṣe ọ̀gá ọlọ́pàá náà, àti Tony Leung Chiu-wai, tó ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, náà jẹ́ ní Hong Kong. Leung tilẹ̀ ti gba ẹ̀bùn òṣèrékùnrin tó dára jù lọ níbi àjọ̀dún fíìmù Cannes ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 2000. Àwọn méjèèjì yìí ni wọ́n ṣe ohun kan tí mo wá tì nínú ti Scorsese. Wọ́n pàdé nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀rọ orin, ọ̀kan ń tà, èkejì ń rà, wọn kò sì mọ ara wọn. Wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn níwájú sípíkà, wọ́n dákẹ́, wọ́n ń gbọ́ orin àtijọ́ kan tí obìnrin kan ń kọ. Gbogbo ìbànújẹ́ fíìmù náà wà nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ó sì dùn mí pé kò bá ìtàn náà dé Boston.

The Departed gba àmì ẹ̀yẹ Oscar mẹ́rin ní ọdún 2007, títí kan ti fíìmù tó dára jù lọ àti èyí tí Scorsese kọ́kọ́ gbà gẹ́gẹ́ bí olùdarí. Níbi ayẹyẹ náà gan-an ni olùkéde ti pe fíìmù Hong Kong náà ní ti Japan. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé fíìmù àtúnya kò ní ìdílé mìíràn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Kí ẹni tí kò tíì wò wọ́n fi ojú fo èyí tó kù, nítorí pé ìparí ni wọ́n ti yàtọ̀ jù. Nínú ti Boston, ọ̀dàlẹ̀ tó wà láàárín àwọn ọlọ́pàá náà gbé ẹrù ọjà wọlé rẹ̀, ó bá ọlọ́pàá kan tí ó ti fi ọ̀rá bo bàtà méjèèjì, ìyẹn sì yìnbọn pa á. Orúkọ tí fíìmù Hong Kong ń jẹ́ lédè wọn ń tọ́ka sí ọ̀run àpáàdì tó jìn jù lọ nínú ẹ̀sìn Búdà, níbi tí ìyà kì í ti í dáwọ́ dúró. Ọ̀dàlẹ̀ tiwọn kò kú. Ó dúró nínú aṣọ ọlọ́pàá níbi ìsìnkú ọkùnrin tí ó bá gbọ́ orin nínú ṣọ́ọ̀bù, ó gbé ọwọ́ sókè, ó kí òkú náà bí ọlọ́pàá ti ń kí ọlọ́pàá, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.